Apá Tí Wọ́n Ní Kò Lábùkù

Ọwọ́ òsì ni mo fi gba ohun àkọ́kọ́ tí mo rántí pé ẹnikẹ́ni fún mi, ìgbátí ni mo sì gbà tẹ̀ lé e. Àkàrà gbígbóná ni. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ní Àgbádárìgì ló nà án sí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, èmi náà sì na ọwọ́ tó yá mi lára. Kí n tó fi àkàrà kan ẹnu, ọwọ́ ìyá mi ti dún létí mi. Ó bẹ ìyá àgbà náà pé kí ó má bínú, ó ní ọmọ náà ti ń ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ó di apá ọ̀tún mi mú níbi ìgúnpá, ó gbé e síwájú fún mi, ó ní kí n tún gba àkàrà náà bí ọmọ gidi. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Apá ọ̀tún yẹn ni kò ṣiṣẹ́. Agbẹ̀bí ló fà mí jù nígbà tí mò ń wá sáyé. Orí ti jáde, èjìká há, iṣan kan sì já níbẹ̀ tí kò so mọ́ títí dòní. Àwọn ìka mi ń ṣiṣẹ́, ọrùn ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti èjìká dé ìgúnpá, ẹran lásán ni mò ń gbé kiri.

Télọ̀ ni ìyá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Agbálátà, àwọn obìnrin sì máa ń wá bá a láti Ìjànikin nítorí pé ó mọ bí a ṣe ń fi aṣọ bo ohun tí ènìyàn kò fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, gbogbo wọn ló ń bá a jáde bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Èmi ni oníbàárà rẹ̀ tó pẹ́ jù. Gbogbo aṣọ mi ló ní apá gígùn, gbogbo wọn ló ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, inú àpò náà sì ni apá mi ń gbé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí, èmi ọmọbìnrin, ní Ọ̀gá, nítorí pé bí mo bá dúró, mo máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ bá òṣìṣẹ́ wí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú. Mi ò mọ̀ pé ìdajì wọn ti mọ ohun tó wà nínú àpò náà, pé àánú ló ń jẹ́ kí wọ́n máa bá wa ṣe eré náà lọ.

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ sílé ìwé nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Tíṣà á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi fọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án, ó ti tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kí wọ́n mú un padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá mi mọ èyí, odidi òjò kan ló sì fi kọ́ mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo máa ń fì sí òsì, màá fi gbogbo ara ju apá náà sókè bí ẹni ń ju aṣọ sórí okùn, kó tó wálẹ̀, màá ti tẹ orí pàdé rẹ̀, màá sì fi èékánná mú etí mi kí apá náà má baà rí ọ̀nà já bọ́. Ìyá mi á máa ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Bí apá náà bá já bọ́ ní ẹ̀jọ, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán á sì máa tutù lórí àga. Ó ń dùn mí débi pé ojú mi á máa ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìyá mi ní ẹni tí nǹkan ń dùn kì í rẹ́rìn-ín, bí mo bá ti rẹ́rìn-ín kò sí ẹni tó máa wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí a lọ, mo di etí náà mú pẹ́ títí tí tíṣà fi ní, "Ó ti tó, fi í sílẹ̀." Èékánná mi ti dá ọgbẹ́ sí i lára. Ìyá mi ra bọ̀ọ̀lì fún mi ní ọ̀nà ilé, ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ́." Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ ọ́n sínú pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú mi pẹ̀lú ìwé àti bírò, ohun tó fẹ́ rí ni pé kò sí nǹkan tó ṣe mí, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n fi hàn án.

Eré sísá ni mi ò kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo máa ń lọ sí etí òkun lọ́jọ́ Sátidé níbi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n ńlá wọ orí iyanrìn. Bí ogún ènìyàn ló ń fa okùn náà pọ̀, ẹni tó bá fà á ló sì ń gba ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kò lè fà á, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń rán, bí ikùn àwọ̀n bá ti yọ, pé kí n sáré lọ pe àwọn obìnrin tó ń ra ẹja lójú títì. Ọ̀nà náà jìn, iyanrìn rẹ̀ gbóná, èmi a sì ti dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní mo ti lọ. Ọkùnrin kan tó wá kí àwọn ẹbí rẹ̀ láti òdìkejì ibodè ló rí mi lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kó àwọn aláàbọ̀ ara tó lè sáré tàbí tó lè ju nǹkan jọ, kí ó máa kọ́ wọn, kí ó sì máa mú wọn lọ síbi ìdíje ní òkè òkun ní orúkọ orílẹ̀-èdè kékeré tí wọ́n ti bí ìyá mi. Kóòṣì ni gbogbo ayé ń pè é. Ó tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó kí ìyá mi lédè Ẹ̀gùn, ó sọ ohun tó bá wá.

Ìyá mi kò gbójú sókè nídìí máṣíìnì. "Ẹ ti ṣìnà, fòfó," ó ní, bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. "Kò sí aláàbọ̀ ara nínú ilé yìí."

"Apá ọmọ yẹn ńkọ́, ìyá?"

"Ó sùn lé e ni."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti sùn lé e. Kóòṣì wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe mí, a jẹ́ pé òun máa máa lọ, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ pé kò lè bá àwọn lọ, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n sá tó. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó sọ̀rọ̀ bàálù, àti ti àsíá tí wọ́n máa ń fi síni lọ́rùn láti ya fọ́tò. Ìyá mi dá máṣíìnì dúró. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ní Àgbádárìgì kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé ìlú bàbá òun ló ránṣẹ́ pe ọmọ òun wá sáré.

Mo gbádùn oṣù mẹ́fà tí mo lò ní òdìkejì. Kóòṣì fún mi ní síńgílẹ́ẹ̀tì tí kò lápá, mo sì jókòó sínú ilé ìyàgbẹ́ fún bí wákàtí kan kí n tó lè wọ̀ ọ́ jáde. Nígbà tí mo jáde, kò sí ẹni tó wò mí. Ọkùnrin kan tó ń jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ ju irin róbótó ló kàn gbójú sókè, ó ní, "Àbúrò, ìwọ là ń dúró dè látàárọ̀?" ó sì padà sídìí irin rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí apá mi ní gbangba. Mo sáré yí pápá náà ká pẹ̀lú apá tó ń jù fìrìfìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bú sẹ́kún bí òpònú. Lọ́jọ́ náà ni mo pinnu pé ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé mi ni kí n sáré yípo kan, irinwó mítà, níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, pẹ̀lú apá yìí níta.

Àyè obìnrin kan péré ni wọ́n fún wa. Ọmọbìnrin kan sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbọn ló gé apá òsì rẹ̀ kúrò ní ìgúnpá nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bá Kóòṣì sáré. Kóòṣì ní kí àwa méjèèjì sá a, kí ẹni tó bá ṣáájú lọ. Mo fi ìṣísẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀. Bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀, mo kọjú sí i, mo ní, "Nígbà míì, sáré bí ẹni tó lápá méjì." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ yìí lónìí, ó ń rí mi lára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo rò pé mo ti pa àwàdà. Èmi tí wọ́n ti ń fi aṣọ bò láti kékeré, ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tí mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò jẹ́ kó kọjá lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la ká gbéra, ọmọbìnrin náà mú bàtà onííṣó rẹ̀ wá fún mi, bàtà eré ìje tí ìṣó kéékèèké wà nídìí rẹ̀. Òun nìkan ló ní irú rẹ̀ láàárín wa. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi okùn tuntun sí i. Ó ní, "Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe lóṣù yìí. Bá mi wọ̀ ọ́ sáré níbẹ̀." Mo gbà á. Mi ò rántí pé mo dúpẹ́.

Àwa mẹ́ta la lọ: Kóòṣì, ọkùnrin tó ń ju irin, àti èmi. Ìlú náà tutù, gbogbo nǹkan ibẹ̀ funfun. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sáré, àwọn dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ ẹgbẹ́ tó yẹ kí wọ́n fi í sí. Bọ̀ọ̀dá tó ń ju irin ti lọ sí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó pè mí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní, "Àbúrò, gbọ́ mi dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ò wá wo ohun tí o lè ṣe. Ohun tí o kò lè ṣe ni wọ́n wá wò. Bí wọ́n bá ní kí o gbé e, kó sì dé ibi tó máa dé, fi í síbẹ̀." Kóòṣì náà sọ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, mo gbọ́ ọ, bí ẹ bá bi mí ní ọ̀sán yẹn, màá kà á fún yín láìṣì.

Yàrá náà mọ́lẹ̀ kedere. Dókítà méjì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, aṣọ funfun lọ́rùn wọn. Wọ́n gbé kámẹ́rà ka orí igi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n fi Kóòṣì jókòó sí igun, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí mi, ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù òkè, mo bọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé kan sí iwájú, ó ṣí bírò, ó wò mí, ó ní, "Jọ̀ọ́, gbé apá ọ̀tún rẹ sókè, kó lọ jìnnà tó bó bá ṣe lè lọ."

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìṣẹ́jú yẹn fún ara mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ro nǹkan kan. Ìwé ni mo rí, bírò ni mo rí, obìnrin àgbà kan tó ń dúró dè mí ni mo rí. Mo fì sí òsì, mo ju apá náà sókè, mo tẹ orí pàdé rẹ̀, mo fi èékánná mú etí òsì mi. Mo sì rẹ́rìn-ín. Dókítà ọkùnrin ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n tún un ṣe láì tẹ ọrùn. Mo jù ú ju ti àkọ́kọ́ lọ, irun dídì mi ni mo rí gbá mú, mo sì so apá náà rọ̀ síbẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ lé e, ó ní òun fẹ́ tì í wálẹ̀, kí n má jẹ́ kó wálẹ̀. Mi ò jẹ́. Òógùn ń ṣàn sí mi lójú, ohun kan ń ya nínú èjìká mi, mò ń ka ení, èjì nínú ọkàn mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Kóòṣì wúkọ́ ní igun, wọ́n ní kó dákẹ́. Mo rò pé orí rẹ̀ ń wú ni.

Obìnrin náà ní mo ṣeun. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó gba ipò kìíní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n lẹ àbájáde mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kóòṣì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Wọ́n ní apá rẹ kò burú tó bó ṣe yẹ."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ṣé ìyẹn kò dára ni, sà?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ní mi ò ní lè sáré. Ó ní òfin fún mi láyè kan sí i, àwọn dókítà mìíràn yóò wò mí lọ́jọ́ kejì, bí àwọn náà bá sọ ohun kan náà, ó ti parí. Ìgbà náà ni ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú. Bọ̀ọ̀dá tó ń ju irin yí àga rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ṣé ìyàwó ni wọ́n wá fẹ́ ni, tí o fi ń ṣoge fún wọn?" Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó lọ́jọ́ kejì. Bàbá arúgbó kan ló ṣe olórí wọn. Nígbà tó ní kí n gbé apá náà, mo jẹ́ kó gbéra fún ara rẹ̀. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀, ó gbọ̀n, ó dúró. Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ mọ. Mo fi í síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, ó sì rí bíi pé ìhòòhò ni mo wà láàárín ọjà. Mo wá la ẹnu mi, mo sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan. Mo ní, "Kò ṣiṣẹ́, sà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni kò ti ṣiṣẹ́." Omi ń jáde lójú mi.

Bàbá náà yí ẹ̀rọ kékeré kan, tí ohun tí kámẹ́rà ká lánàá wà nínú rẹ̀, sí mi, mo sì rí ara mi nínú rẹ̀, apá lórí, ọwọ́ létí, eyín níta. Ó ní kí n ṣàlàyé ìyẹn. Mo ṣàlàyé. Mo sọ fún un pé ìyá mi ló kọ́ mi, mo sọ bí wọ́n ṣe ń fi etí gba ọmọ sílé ìwé lọ́dọ̀ wa, mo sọ ti aṣọ ìkélé, mo sọ ti àpò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ara mi, létí èmi gan-an, irọ́ ló jọ. Ọ̀kan nínú wọn rọra fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá náà wá ní nínú ogún ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ti rí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ara wọn di aláìsàn nítorí àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n òun kò rí èyí tó gbàgbé láti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rí. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe aláàbọ̀ ara lásán, ẹni tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara lóòótọ́ ló ń jà lólè. Ó kọ̀wé. Wọn kò ní gba orúkọ mi níbikíbi fún ọdún mẹ́rin. Mo wo bírò rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo sì ń rò ó pé n kò tíì sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Orí àga àwọn òǹwòran ni mo wà nígbà tí wọ́n sá eré náà. Ojú ìlà karùn-ún ṣófo, wọn kò fi ẹlòmíràn sí i, àwọn méje tó kù sì sá a láì wo ibẹ̀. Mo fi aago wò wọ́n. Ẹni kẹta yára ju bí mo ṣe ń sá lọ dáadáa. Ǹ bá má gba nǹkan kan. Ǹ bá jẹ́ ẹni kẹfà, tàbí ìkeje. Ìkeje náà ni mo fẹ́, mo fẹ́ ẹ débi pé mo gé ètè mi jẹ.

Nígbà tí a dé, mo gbé bàtà náà lọ fún ọmọbìnrin tó ni ín. Mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wá láti inú bàálù. Ó gba bàtà náà, ó yí i, ó wo àwọn ìṣó ìdí rẹ̀ tí wọ́n mọ́ tónítóní. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbé e sí ìsàlẹ̀ àga, ó ń bá ohun tó ń ṣe lọ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Nítorí ọ̀rọ̀ mi, wọn kò jẹ́ kí Kóòṣì kó ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin náà kò wọ bàálù títí di òní. Mo mọ̀, nítorí pé mo máa ń béèrè.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí mo fi lẹ́tà tí àwọn dókítà yẹn kọ fún mi han ìyá mi, tí mo fi omijé túmọ̀ rẹ̀ fún un láti Gẹ̀ẹ́sì sí Ẹ̀gùn, ó jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọn kò rí àbùkù tó tó nǹkan lára apá mi, ó ní kí n dúró níbẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Ó kúnlẹ̀ sórí àwọn àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Máwù, Ọlọ́run rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà náà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà bo ìwé, ó gbé e kọ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí àwọn oníbàárà ti ń wo ara wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yẹn tí kò ka ibi tí dókítà òyìnbó ti ní ara ọmọ rẹ̀ pé. Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n lé mi ni." Ó ní kí n dákẹ́ ẹnu mi, pé n kò mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri.

Lẹ́tà yẹn ló fẹ́ ọkọ fún mi. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá, tí ìyá rẹ̀ ń fi ojú wá àpò mi, ìyá mi gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, wọ́n gbé e yí ká láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sí ẹni tó tún béèrè nǹkan kan. Ọkọ mi kì í ṣe òmùgọ̀, ó ní ojú, ó sì rí apá náà láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ojú rẹ̀. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìwà ọ̀lẹ ni mo fi ba apá náà jẹ́. Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, tí mò ń fi ọwọ́ òsì àti eyín so ọ̀já, ìyá ọkọ mi dúró tì mí, ó ní, "Fi ọwọ́ méjèèjì so ó, ìyàwó. Òyìnbó ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ́." Ọmọ mẹ́ta ni mo fi eyín pọ̀n. Mi ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ fún un pé mi ò lè ṣe é.

Mo ti di tíṣà fúnra mi báyìí, àwọn ọmọ kékeré ni mò ń kọ́. Ìyá mi ti kú, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Mi ò bínú sí i bí mo ṣe ń bínú sí i tẹ́lẹ̀. Ó mọ irú ayé tó bí mi sí, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì fi gbà mí. Ìgbà míì mo máa ń rò pé ká ní àwọn dókítà yẹn gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ kejì, bóyá mo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì nà án lé e lórí, kì í tètè tún un sọ.

Lọ́dún yìí ni àwọn ìka mi, tó ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bírò ń já bọ́ lọ́wọ́ mi, èjìká náà sì ń ta mí lóru àti lọ́sàn-án. Ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá mi wọlé, ó jókòó. Dókítà tó wò mí ṣì kéré, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ó tẹ èjìká mi síwá sẹ́yìn, ó rọra gbé apá náà, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wá fa ìwé kan sún mọ́ra, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè pàtàkì ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé apá yìí ti ń ṣe yín tẹ́lẹ̀ rí, bóyá láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú tí a máa ṣe, ó sì ṣì lè gba ìka yín là."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Mo wo dókítà náà, mo rẹ́rìn-ín sí i.

Mo ní, "Rárá o, dókítà. Oṣù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé mo sùn lé e ni."

Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.